Owó Oníbodè Inú Fóònù

Bí wọ́n bá ní kí ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńlá kan san owó ìtanràn, iye owó náà ni aráyé máa ń gbé kiri. Ẹ fo iye yẹn ná. Ẹ wo àṣẹ tó bá a rìn, kí ẹ sì wo ohun tí oníbodè, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ni ẹnu ọ̀nà tí áàpù ń gbà wọ inú fóònù, ṣì ń gbà lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó ṣí bodè.

Òfin kò bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ó tóbi. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fi títóbi rẹ̀ dínà mọ́ ẹlòmíì. Ní 2018, European Commission, àjọ aláṣẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní kí Google san bílíọ̀nù 4.34 owó Yúrò lórí Android, ètò tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni: ẹni tó ń ṣe fóònù tó bá fẹ́ Play Store, ṣọ́ọ̀bù áàpù Google, gbọ́dọ̀ gba Google Search àti Chrome mọ́ ọn; Google ń sanwó fún àwọn kan kí wọ́n má baà fi ẹ̀rọ ìṣàwárí ẹlòmíì sínú fóònù wọn; ẹni tó bá sì fẹ́ áàpù Google kò gbọdọ̀ ta fóònù tó ní ẹ̀yà Android tí Google kò fọwọ́ sí. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀sùn kejì nù, ó sì dín owó náà kù sí bílíọ̀nù 4.125.

Àríyànjiyàn tó máa ń kọ́kọ́ wáyé nílé-ẹjọ́ ni: ọjà wo là ń sọ gan-an? Ní oṣù Kẹjọ 2020, Epic Games, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù Fortnite, fi ọ̀nà ìsanwó tirẹ̀ sínú géèmù náà. Ọjọ́ kan náà ni Apple àti Google yọ ọ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù áàpù wọn, ọjọ́ yẹn náà ni Epic sì pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Apple, Adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers ní Amẹ́ríkà ka ọjà náà sí ti owó tí wọ́n ń ná lórí géèmù inú fóònù, iPhone àti Android pa pọ̀. Nínú ọjà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, Epic kò lè fi hàn pé Apple ń dá a jẹ. Ní oṣù Kejìlá 2023, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ kejì, ti Google, fa ìlà ọjà yí Android nìkan ká, Google sì jẹ̀bi. Ẹ̀rín ni: Google tó gbà kí ènìyàn fi áàpù sí fóònù láti ibòmíì ló pàdánù, Apple tó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa ló bọ́.

Kò bọ́ pátápátá ṣá o. Adájọ́ náà pàṣẹ pé kí Apple jẹ́ kí olùṣe áàpù fi línkì júwe ọ̀nà ìsanwó mìíràn fún oníbàárà. Àṣẹ yẹn ló yẹ kí ẹ fojú sí. Ẹ mú ọjà dọ́là 10. Nínú App Store, ṣọ́ọ̀bù áàpù tirẹ̀, Apple lè gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, dọ́là 3. Nígbà tó ṣí línkì ní 2024, ó ní òun yóò gba ìdá 27: dọ́là 2.70. Bí àwọn tó ń bójú tó káàdì bá gba ìdá 3, sẹ́ǹtì 30 nìyẹn, gbogbo rẹ̀ tún di dọ́là 3. Ojú ìwé ìkìlọ̀ tó ń dẹ́rù ba oníbàárà tún wà lójú ọ̀nà. Ta ni yóò wá lò ó? Ní oṣù Kẹrin 2025, adájọ́ náà ní Apple ti tàpá sí àṣẹ òun.

Bákan náà ló rí ní Gúúsù Kòríà. Lẹ́yìn òfin 2021 níbẹ̀, Google gba ọ̀nà ìsanwó mìíràn láàyè, ṣùgbọ́n ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà péré ló yọ kúrò nínú ohun tó ń gbà.

Ní Yúróòpù, òfin Digital Markets Act kì í dúró de ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó gbèdéke, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ní mílíọ̀nù 45 aṣàmúlò lóṣù níbẹ̀, lè di oníbodè lábẹ́ òfin. Láti oṣù Kẹta 2024 ni Apple ti gbọ́dọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù áàpù mìíràn láàyè lórí iPhone. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó bu ààbọ̀ Yúrò lé orí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó bá gba áàpù náà lọ́dún, lẹ́yìn mílíọ̀nù kan àkọ́kọ́ tí kò sanwó lé lórí. Nígbà náà, áàpù tí mílíọ̀nù méjì ènìyàn gbà jẹ 500,000 Yúrò lọ́dún, ì báà ta, ì báà má tà. Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀, Apple yọ àwọn tí kì í pa owó kankan kúrò.

Ẹ tún máa wo ọjọ́ orí ẹjọ́. Oṣù Karùn-ún 2025 ni Fortnite tó padà sórí iPhone ní Amẹ́ríkà. Epic ní owó tó fi dúró dè é fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Olùṣe áàpù ẹlẹ́ni méjì kò ní in.