Ìpadà sí ìwọ̀n nínú fántásì bésíbọ́ọ̀lù

Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí àwọn tó ń ṣe fántásì bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, eré tí ènìyàn fi ń kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ lára àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá sì ń di máàkì fún un, bá jókòó láti yan agbábọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn ni regression: pé ẹni tí iye rẹ̀ bá lọ sókè tàbí wálẹ̀ jù yóò padà sún mọ́ ibi tó máa ń wà. Àwọn kan nínú wa ti sọ ọ́ di ‘ìfàsẹ́yìn’, àwọn mìíràn ń pè é ní ‘àjórẹ̀yìn’, ẹni tí kò sì fẹ́ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu a kọ ‘rìgírẹ́ṣọ̀n’ sílẹ̀, a ní ó ti di Yorùbá. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò tilẹ̀ bí mi nínú tó méjì ìṣáájú, nítorí pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan, kò sì lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Irọ́ ni ìfàsẹ́yìn àti àjórẹ̀yìn ń pa mọ́ agbábọ́ọ̀lù. Bí a bá ní ẹnìkan ń jó àjórẹ̀yìn, ohun tí a ń wí ni pé agbára rẹ̀ ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ agbára onítọ̀hún lè wà bó ṣe wà, kí iye tó gbà wálẹ̀ síbẹ̀.

Ìpadà sí ìwọ̀n ni èmi ń pè é. Nígbà tí Francis Galton ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1886, gíga òbí àti ọmọ ló ń wọ̀n: ọmọ àwọn òbí tó ga púpọ̀ sábà máa ń ga, ṣùgbọ́n kì í sábà ga tó wọn, ọmọ àwọn tó kúrú púpọ̀ sì sábà máa ń ga jù wọ́n lọ. Apá kejì yìí ni ‘ìfàsẹ́yìn’ kò lè gbé. Chris Davis, alubọ́ọ̀lù Baltimore, lu home run (lílù tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá odi pápá) 53 ní 2013. Ní 2014, 26 péré ló lù, .196 ló sì fi parí sáà náà (kò pé ìgbà 20 nínú 100 tó fi lílù rẹ̀ dé béèsì, ibùdó tí asáré ń sá lọ), ni owó rẹ̀ bá já wálẹ̀ lọ́jà fántásì. Ní 2015 ó lu 47. Kí àwọn onífàsẹ́yìn wá ṣàlàyé fún mi irú ìfàsẹ́yìn tí ń gbé ènìyàn láti 26 dé 47.

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ gba oko kòkó ní ìdógò. Bí òjò ọdún tó kọjá bá bọ́ sí àsìkò, tí kòkó kò rà lórí igi, tí àpò sì kún ahéré, olóko yóò fẹ́ kí a fi àpò ọdún náà díye lé oko. Ẹni tí kò gbọ́n yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ oko yóò béèrè ohun tí ilẹ̀ náà so ní ọdún mẹ́ta, yóò wo ọjọ́ orí igi, yóò sì yọ ti òjò kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé igi ni wọ́n ń fi dógò fún un, wọn kò fi òjò dógò.

Nínú àwọn alubọ́ọ̀lù, Brady Anderson ni òjò rọ̀ fún jùlọ. Home run 16 ló lù ní 1995, ó lu 50 ní 1996, ó sì padà sí 18 ní 1997. Nínú gbogbo sáà rẹ̀ yòókù, kò dé 25 rí. Ẹni tó bá ra 50 ní ìbẹ̀rẹ̀ 1997, òjò ló rà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ‘ìpadà sí àròpín’ ló tọ́, nítorí pé àròpín ni a ń kọ́ ní kíláàsì ìṣirò. Mo bọ̀wọ̀ fún kíláàsì ìṣirò, ṣùgbọ́n àròpín ta ni? Alubọ́ọ̀lù tó ti ń fi .310 parí sáà fún ọdún mẹ́fà, tó wá fi .340 parí ọ̀kan, kò ní padà sí iye tí gbogbo líìgì ń gbà, ìtòsí .310 tirẹ̀ ni yóò padà sí. A máa ń sọ fún ènìyàn pé kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ pé kó mọ àròpín ara rẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tí a kò tíì rí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, iye líìgì ni a óò fi ṣe ìwọ̀n fún un títí a ó fi mọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìṣirò Marcel, tí Tom Tango, onímọ̀ ìṣirò bésíbọ́ọ̀lù, gbé kalẹ̀ láti fi sọ iye tí agbábọ́ọ̀lù yóò gbà lọ́dún tó ń bọ̀, tó fi ọ̀bọ sọ lórúkọ nítorí ìrọ̀rùn rẹ̀, ṣe ń ṣe é: ó fi 5 sọ ọdún tó kọjá di púpọ̀, ó fi 4 sọ èyí tó ṣáájú rẹ̀, 3 ni ti ọdún kẹta, lẹ́yìn náà ni ó fa àpapọ̀ wọn sún mọ́ iye líìgì, kó tó wo ọjọ́ orí. Ọdún tó kọjá ló wúwo jù, ṣùgbọ́n kò wúwo tó méjì yòókù papọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yan agbábọ́ọ̀lù ń ṣe bí ẹni pé ọdún tó kọjá nìkan ló wà.

Lọ́dọ̀ àwọn ajubọ́ọ̀lù ni àṣìṣe yìí ti ń gbówó lọ jù. Ní 2001 ni àpilẹ̀kọ tí Voros McCracken, tó ń ṣèwádìí ìṣirò bésíbọ́ọ̀lù, kọ jẹ́ kó hàn pé bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sínú pápá, tí kì í ṣe home run, agbára ajubọ́ọ̀lù lórí bóyá wọn óò mú un tàbí wọn ò ní í mú un kéré púpọ̀. Ìtòsí .300 ni BABIP líìgì, ìyẹn ìdá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ tí alubọ́ọ̀lù fi ń dé béèsì, máa ń wà. Nítorí náà, bí ERA ẹnìkan (iye ayò tí wọ́n ń jẹ lórí ajubọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n eré kan) bá dára, tí BABIP rẹ̀ sì jẹ́ .240, ó lè jẹ́ òjò ló rọ̀ fún un; ẹ wo iye ẹni tó fi strikeout lé padà láìjẹ́ kó rí bọ́ọ̀lù lù àti iye tó fún ní béèsì lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó fi dọ́là 30 rà á nínú 260 tí ẹ ní láti fi ra gbogbo ẹgbẹ́ fántásì yín.

Ìwọ̀n fúnra rẹ̀ a sì máa ṣípò. Ní 2023 ni MLB, líìgì bésíbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, mú béèsì tóbi láti ínṣì 15 sí 18, tí wọ́n sì dín iye ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù lè yíjú sí ẹni tó wà lórí béèsì kù. Béèsì tí wọ́n jí (èyí tí asáré sá dé láì dúró de kí ẹnikẹ́ni lu bọ́ọ̀lù) ní gbogbo líìgì gòkè láti 2,486 sí 3,503. Ronald Acuña Jr. tó jí 29 ní 2022 jí 73. Ẹni tó ń retí kí àwọn asáré padà sí iye 2022 lẹ́yìn èyí yóò pẹ́ lẹ́nu ìretí. Nígbà tí orúnkún Acuña sì já ní oṣù karùn-ún 2024, tí eré tó gbá kò ju 49 lọ, àwọn onífàsẹ́yìn tún ní àwọn ti wí bẹ́ẹ̀. Orúnkún ló já. Kò sí ìṣirò ọdún mẹ́ta kankan tó lè ka ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ yàn án.