Owó tó wà fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìrànwọ́ ìjọba

Tí wọ́n bá ti dá òṣìṣẹ́ dúró ní Iléṣà tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, kì í pẹ́ tí àwọn èèyàn yóò fi sọ fún un pé ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ fún irú wọn, àfi kó wá ẹni tí yóò bá a sáré rẹ̀ l'Ábújá. Ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tí ebi ti ń pa. Nàìjíríà kò ní owó oṣooṣù kankan fún ẹni tí kò níṣẹ́. NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, wà lóòótọ́, àmọ́ ti ẹni tó fara pa tàbí tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ ló wà. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, níléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ, ọ̀gá rẹ sì ń fi ìdá 10 kún un. Orúkọ rẹ ló wà lórí àkáǹtì náà, PFA, ìyẹn iléeṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì tó o yàn, ló ń bójú tó o. Bí o kò bá tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí o kò ríṣẹ́ míì, o lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ₦800,000, ₦200,000 nìyẹn. Ìyókù ń bá èrè lọ. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀.

PFA ni kó o lọ bá, kì í ṣe ajẹ́ntì. Mú lẹ́tà tó fi hàn pé o ti kúrò níṣẹ́, NIN, BVN àti nọ́ńbà PEN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì rẹ, dání. Ohun tó sábà máa ń dá ìwé dúró ni orúkọ tí kò bára mu: Adébáyọ̀ nínú NIN, Bayo lọ́dọ̀ PFA. Tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́rin tó o fi ń dúró, má jẹ̀ẹ́ kó di ọjọ́ tó o fẹ́ gbowó. Ohun kejì tó ń dá ìwé dúró ni lẹ́tà ìkúrò níṣẹ́: bí ọ̀gá bá fẹnu lásán lé ọ, béèrè fún un lákọsílẹ̀ kó o tó kúrò lọ́gbà.

Èyí tó burú jù ni ọ̀gá tó ń yọ owó tí kì í san án. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn owó oṣù ló yẹ kó ti dé àkáǹtì. Bí kò bá dé, ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ lọ́wọ́ PFA, fi wé ìwé owó oṣù rẹ, kó o sì fi àwọn oṣù tó sọnù kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì.