Ìtọ́jú físíò fún iṣan, oríkèé àti ọ̀pá ẹ̀yìn

Ìtọ́jú físíò jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tó ń lo ìdárayá, ọwọ́, àlàyé àti àwọn nǹkan bí ooru tàbí yìnyín láti dá agbára padà fún ara tó ń roni tàbí tó gan. Físíòtẹ́rápì lorúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n "físíò" lásán ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń pe ẹni tó ń ṣe é. Iṣẹ́ náà fẹjú. Físíò ń tọ́jú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, ọmọ tí kò tètè jókòó tàbí rìn, àti aláìsàn tí èémí kò já gaara fún nínú wọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, ẹ̀yìn tó ń ro, orúnkún tó ń dunni, ọrùn tó gan àti èjìká tí kò ṣeé gbé sókè ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ìtàn rẹ̀

Fífi ọwọ́ ra ara tó ń roni ti wà láti ìgbà láéláé. Nílẹ̀ Yorùbá, òrí àti àdín ni wọ́n fi ń ṣe é, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń jó ibi tó ń ro, àwọn tó ń to eegun sì nímọ̀ tiwọn. Iṣẹ́ físíò òde òní ní tirẹ̀ gba ilẹ̀ Yúróòpù wá. Ní 1813, Pehr Henrik Ling dá ilé ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ ní ìlú Stockholm, lórílẹ̀-èdè Swídìn, ìdárayá fún ìwòsàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ní 1894, àwọn obìnrin nọ́ọ̀sì mẹ́rin dá ẹgbẹ́ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìfọwọ́ra sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ilé aṣẹ́wó kan ń fi ìfọwọ́ra bojú nígbà náà, àwọn nọ́ọ̀sì yìí sì fẹ́ kí aráyé mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹgbẹ́ náà ló di Chartered Society of Physiotherapy. Lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé méjèèjì àti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí ilé ìwòsàn ńlá kò lè ṣaláìní.

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ náà so pọ̀ mọ́ ọsibítù eegun tó wà ní Igbóbì nílùú Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹgbẹ́ àwọn físíò Nàìjíríà fìdí múlẹ̀ ní 1959. Yunifásítì Ìbàdàn ni yunifásítì tó kọ́kọ́ ń kọ́ni níṣẹ́ náà lórílẹ̀-èdè yìí, ní 1966. Yunifásítì Èkó tẹ̀ lé e ní 1971, ti Ilé-Ifẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Òfin ìjọba ológun tó jáde ní 1988 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ sílẹ̀.

Àyẹ̀wò

Kí físíò tó fọwọ́ kan aláìsàn, ìbéèrè ló ń ṣáájú. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló ń mú un le sí i, kí ló ń mú un rọjú? Ṣé ó ń jí èèyàn lóru? Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Ìbéèrè iṣẹ́ yìí kì í ṣe àsọdùn. Àgbẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí ebè láti òwúrọ̀, ọlọ́kadà tí kòtò ojú ọ̀nà ń gbọ̀n jìgìjìgì, àti òṣìṣẹ́ báńkì tó jókòó látàárọ̀ dalẹ́ lè fọwọ́ sí ojú kan náà lẹ́yìn wọn pé ibẹ̀ ló ń ro àwọn, kí ìtọ́jú wọn má sì jọra rárá.

Lẹ́yìn èyí, aláìsàn á tẹ̀ síwájú, á tẹ̀ sẹ́yìn, á yí sọ́tùn-ún àti sósì, á rìn. Bí ìrora bá ń gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀, físíò á ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, á wá gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní títọ́ láìká orúnkún. Bí ìrora bá ta gba ìsàlẹ̀ orúnkún lọ nígbà tí ẹsẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n dígírì 30 sí 70, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa fún ìdí fọ́nrán ìmọ̀lára tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn jáde.

Àwọn àmì kan wà tí físíò gidi kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, tí yóò tìtorí wọn dá aláìsàn padà sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí kò ṣeé dá dúró mọ́, tàbí ìtọ̀ tó kọ̀ tí kò jáde, pẹ̀lú kíkú tipiri láàárín itan méjèèjì, jẹ́ pàjáwìrì: wákàtí ni wọ́n fi ń ka ti ìyẹn, kì í ṣe ọjọ́. Àwọn yòókù ni ẹsẹ̀ tí agbára rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ríro tí ibà bá rìn, ara tó ń rù láìnídìí, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, àti ẹni tó ṣubú láti òkè tàbí tó wà nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Nílẹ̀ wa, ikọ́ ife tó wọ eegun ẹ̀yìn ṣì wà, ó sì lè sọ ẹ̀yìn di iké bí wọn kò bá tètè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí àṣà pé kí ọmọdé gun ẹ̀yìn àgbàlagbà kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fi léwu nígbà tí a kò bá tí ì mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀yìn ọ̀hún. Eegun tí àrùn ti jẹ kò lè gba irú ìwúwo bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ríro

Kò sí àìlera tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lágbàáyé tó ẹ̀yìn ríro. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe fi hàn pé mílíọ̀nù 619 èèyàn ló ní in ní 2020, wọ́n sì fojú bù ú pé yóò tó mílíọ̀nù 843 ní 2050.

Ọ̀pá ẹ̀yìn ní eegun 24 tó ń yí tó sì ń tẹ̀: méje lọ́rùn, 12 lẹ́yìn àyà, márùn-ún ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ wọn ni àwọn eegun ìdí tó ti lẹ̀ pọ̀ wà. Ìrọ̀rí rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní díìsìkì ló wà láàárín eegun kan àti èkejì, òun ló ń gba ìwúwo. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ń ro, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni kò ní sí ojú kan pàtó tí dókítà lè nàka sí pé ibí ló bàjẹ́. Ó ń ro wọ́n lóòótọ́. Iṣan, oríkèé kéékèèké, àìsùn, ìrònú àti àìkìígbéra ló para pọ̀ dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń kó jìnnìjìnnì báni jù ni "díìsìkì mi ti yẹ̀". Díìsìkì kì í yẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ eegun tòkè-tilẹ̀ pinpin. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kó wú síta, tàbí kí ohun rírọ̀ inú rẹ̀ yọ gba ibi tó ti ya, kó sì kan fọ́nrán ìmọ̀lára tó wà nítòsí. Ìgbà yẹn ni ìrora máa ń gba ìdí àti itan sọ̀ kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ á dà bíi pé èèrà ń rìn lára rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tó yọ yìí ń súnkì fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, láìsí iṣẹ́ abẹ.

Àwòrán ẹ̀yìn tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ń yà náà ń dẹ́rù bani ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó àyẹ̀wò àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá jọ ní 2015, wọ́n rí i pé ìdá 37 nínú 100 àwọn ọmọ 20 ọdún ló ní díìsìkì tó ti ń gbó, àwọn ẹni 80 ọdún sì jẹ́ 96 nínú 100. Bí irun ṣe ń funfun lórí ni díìsìkì ṣe ń gbó nínú. Nítorí náà, ẹ́síréè kì í ṣe ohun tí a kọ́kọ́ ń sáré ṣe fún ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro, bí kò bá sí ìkankan nínú àwọn àmì ewu tí a kà lókè.

Ìsinmi pẹ̀lú ti yí padà. Nígbà kan, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni dókítà ń ní kí èèyàn fi dùbúlẹ̀ sórí pákó. Lónìí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó dìde, kó máa rìn níwọ̀nba, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí iṣan tí a kò lò ń rọ, ìbẹ̀rù àtigbéra sì ń mú ìrora pẹ́ lára.

Ìdárayá ni òpómúléró ìtọ́jú náà. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún méjèèjì, kó wá gbé ìdí sókè bí afárá. Tàbí kó fọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀ bí ọmọ tó ń rákò, kó na apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìdárayá kan ṣoṣo tí gbogbo onímọ̀ gbà pé ó borí. Èyí tí aláìsàn bá lè máa ṣe lójoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún un, àní kó jẹ́ ìrìn kíkankíkan lásán.

Robin McKenzie, físíò ará Níú Sílándì, mú ọ̀nà kan jáde láti inú ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ ní 1956. Ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ń ro ti dojúbolẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbàgbé láti rẹ apá orí rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ kọdọrọ sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣe é léṣe ni, àfi bó ṣe ní ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́. Láti ibẹ̀ ni McKenzie ti rí i pé bí ìrora bá ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ tó ń gòkè padà sí àárín ẹ̀yìn, àmì rere ni. Àwọn aláìsàn kan máa ń rò pé àìsàn náà ló ń le sí i nígbà tí ẹ̀yìn bá tún ń ro tí ẹsẹ̀ sì ti dákẹ́. Ó yẹ kí físíò ti sọ fún wọn ṣáájú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde lórí ẹ̀yìn tó ti ń ro ju oṣù mẹ́ta lọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìdárayá tó ní ètò, àlàyé fún aláìsàn, ìfọwọ́ra àti títọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn pẹ̀lú ọwọ́. Wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀yìn gùn, ẹ̀rọ tó ń fi ìró mú inú iṣan gbóná, tàbí èyí tó ń fi iná mànàmáná ta ara pẹ́pẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ìtọ́jú wa gan-an, nítorí àwọn ẹ̀rọ yẹn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kà sí ìtọ́jú gangan. Bí wọ́n bá fún wọn ní ìdárayá nìkan, wọ́n á ní wọn ò ṣe nǹkan kan fáwọn.

Orúnkún

Aromọléegun orúnkún ń bá àwọn tó ti lé ní 50 ọdún jà jù, pàápàá obìnrin. Kerekere tó bo orí eegun ló ń fín, tí oríkèé á máa wú tí á sì máa dún. Iṣan iwájú itan ló ń gbé orúnkún ró, ó sì sábà máa ń rọ lára àwọn tó ní in, ìdí nìyí tí fífún un lágbára fi ṣáájú: jíjókòó lórí àga kí a na ẹsẹ̀ tọ́, tàbí dídìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan. Ìwúwo ara náà kò gbẹ́yìn. Kílò kan tí èèyàn bá jò kúrò ń gbé nǹkan bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló yẹ kó fi dì í mú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń ṣe òdìkejì èyí.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ìṣòro orúnkún ní òkèèrè kò bá ìgbésí ayé wa mu tán. Ìwé ìbéèrè tí ń béèrè nípa wíwọ ìbọ̀sẹ̀ àti jíjókòó sínú báàfù kò sọ nǹkan púpọ̀ nípa obìnrin tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, tàbí Mùsùlùmí tó fẹ́ forí kanlẹ̀ lórí ìrun. Àwọn físíò ní Yunifásítì Ìbàdàn ló wá ṣe ìwọ̀n tiwọn fún aromọléegun orúnkún àti ìbàdí, tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè, tí ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe níbí sì wà nínú rẹ̀. Ìbàdàn kan náà ni wọ́n ti dán an wò ní nǹkan bí 2013 bóyá a lè fi fóònù tọ́ ìdárayá orúnkún sọ́nà fún ẹni tó wà nílé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n ń pè lórí fóònù yá tó ti àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn.

Èjìká, ọrùn àti ọrùn ẹsẹ̀

Èjìká tó gan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora, lẹ́yìn náà á kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò gbéra, nígbẹ̀yìn á tún máa tú díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún kan sí mẹ́ta. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló ń mú jù. Ohun tó sábà ń tú u fó ni pé èèyàn ò lè di gèlè fúnra rẹ̀ mọ́, tàbí kò lè fọwọ́ kan àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Nígbà tí ìrora bá gbóná, físíò kì í fi agbára fà á. Ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Ọrùn tó gan kì í sábà le. Ooru, yíyí ọrùn níwọ̀nba, fífún iṣan ọrùn àti èjìká lágbára, àti dídìde láti ìdí kọ̀ǹpútà lóòrèkóòrè ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rọ́, tí kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ́síréè tọ́ sí i kí a lè mọ̀ bóyá eegun kán. Bí eegun kò bá kán, kí ó tètè máa tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n tí ara bá gbà. Lẹ́yìn tí wíwú bá rọlẹ̀ ni ìtọ́jú tó ṣe kókó ń bẹ̀rẹ̀: dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, ní ìlàjú ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ìdijú. Ẹni tó bá fo èyí, ẹsẹ̀ kan náà ló sábà ń tún rọ́ níbi tí ilẹ̀ kò bá ti tẹ́jú.