Ìdánwò ìmọ̀dájú nínú kálúkúlọ́ọ̀sì

Ìdánwò ìmọ̀dájú, tí àwọn kan ń pè ní ìdánwò ẹnu-ọ̀nà, ni ìdánwò kúkúrú tí olùkọ́ yunifásítì fi ń mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kálúkúlọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìṣirò tó dá lórí bí nǹkan ṣe ń yí padà, ti mọ ìṣirò tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà dunjú: differentiation (wíwá bí nǹkan ṣe ń yára yí padà sí), integration (ìdàkejì rẹ̀), àti áljẹ́brà tí àwọn méjèèjì dúró lé. Máàkì tí wọ́n fi ń yege nínú rẹ̀ ga, ìdáhùn tó kù díẹ̀ káàtó kì í gba nǹkan kan, ẹni tí kò bá sì yege láǹfààní láti tún un ṣe.

Ìlànà

Ìbéèrè rẹ̀ kì í pọ̀. Irú kan máa ń ní ìbéèrè 7, tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 6 níbẹ̀, láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, láìlo kakulétọ̀ tàbí ìwé. Kò sí ìbéèrè ẹ̀tàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ irú ohun tí wọn yóò bi í kó tó jókòó. Yíyege kì í sábà fi máàkì kún ti kọ́ọ̀sì. Àìyege títí gbèdéke yóò fi kọjá ló ń dín máàkì kù, ibòmíràn sì wà tí ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò ní yege nínú kọ́ọ̀sì náà rárá.

Ìdí tí kò fi sí máàkì àánú

Ká mú y = x² sin 3x. Bí a bá ṣe differentiation rẹ̀, ìdáhùn tó pé ni 2x sin 3x + 3x² cos 3x. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ 2x · 3 cos 3x, nítorí pé ó ṣe ti x² lọ́tọ̀, ó ṣe ti sin 3x lọ́tọ̀, ó wá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òpè nìkan. Leibniz, tó wà lára àwọn tó dá kálúkúlọ́ọ̀sì sílẹ̀, bi ara rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1675 bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, kó tó rí i fúnra rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kejì kọ 2x sin 3x + x² cos 3x. Ó mọ òfin tí a fi ń ṣe differentiation ohun méjì tí a fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, àmọ́ ó gbàgbé 3 tó yẹ kó jáde láti inú sin 3x. Nínú ìdánwò ìparí sáà, ẹni yìí á gba èyí tó pọ̀ jù nínú máàkì ìbéèrè náà. Nínú ìdánwò ìmọ̀dájú, òdo ni. Ó le lójú ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n 3 tó bọ́ níbí yóò tún bọ́ nígbà tó bá ń wá ibi tí fọ́ńṣọ̀n ti ga jù, yóò tún bọ́ nínú kọ́ọ̀sì físíìsì, níbi tí kò ti rọrùn mọ́ láti rí ojú ihò tí àṣìṣe gbà wọlé.

Ká gbà pé ìdáhùn sí ìbéèrè kan kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ti òmíràn. Ẹni tó máa ń gba 8 nínú ìbéèrè 10 ní àǹfààní bíi 58 péré nínú 100 láti gba ó kéré tán 6 nínú 7. Àǹfààní ẹni tó máa ń gba 95 nínú ìbéèrè 100 láti yege ju 95 nínú 100 lọ. Bí ìdánwò náà ṣe ń ya ẹni tó mọ̀ ọ́n kúrò lára ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ju ìdajì lọ ní àǹfààní bíi 6 nínú 100 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bó bá ṣe é nígbà 10 láìkọ́ ohunkóhun sí i, àǹfààní rẹ̀ láti yege lẹ́ẹ̀kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Oríire lásán nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀. Torí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìdánwò kan àti èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn ibì kan fi òǹkà sí iye ìgbà tí èèyàn lè ṣe é lójúmọ́. Èyí tó dára jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jókòó ti olùkọ́ tàbí olùrànlọ́wọ́, kó ṣàlàyé ibi tó ti ṣìnà lẹ́nu ara rẹ̀, kó tó gba ìwé ìdánwò mìíràn.

Ìtàn

Ọdún 1968 ni Benjamin Bloom, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, gbé èrò náà jáde pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ iṣẹ́ dunjú bí àkókò tó tó bá wà fún wọn. Ọdún yẹn kan náà ni Fred Keller, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ̀wé nípa ìlànà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Brasília ní Bùràsíìlì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́dọ̀ mọ apá kan kó tó bọ́ sí òmíràn.

Láti ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣàtúntò bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní kálúkúlọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, tí àwòrán gíráàfù àti àlàyé fi gba àyè lọ́wọ́ ìṣirò àfọwọ́ṣe. Ìbẹ̀rù wà pé ìṣirò náà lè parẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò ẹnu-ọ̀nà ni Yunifásítì Michigan, láàárín àwọn mìíràn, fi dáhùn: ìṣirò ìpìlẹ̀ ní ìdánwò tirẹ̀, ìdánwò ńlá sì ráyè fún ìrònú.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Wàhálà ìdánwò yìí nígbà tó wà lórí bébà ni iye ìwé tí olùkọ́ ń yẹ̀ wò. WeBWorK, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Arnold Pizer àti Michael Gage ṣe ní Yunifásítì Rochester ní àárín àwọn ọdún 1990, wà lára ohun tó mú un fúyẹ́. Ó máa ń yí nọ́ńbà inú ìbéèrè padà fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó sì mọ̀ pé x(2 sin 3x + 3x cos 3x) àti ìdáhùn tòkè yẹn kò yàtọ̀ síra, nítorí pé ṣe ló ń fi oríṣiríṣi nọ́ńbà sípò x nínú méjèèjì, tó ń wò ó bí èsì wọn bá dọ́gba.

Ohun tí kò lè mọ̀ ni ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tẹ 1/2x, tó sì ní 1/(2x) lọ́kàn, lè rí òdo gbà, torí pé ìdajì x ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní bébà tó fi ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kí èèyàn kan sì wà nítòsí tí yóò kà á.