Kí ni wọ́n ń pè ní “potable”? Ọ̀rọ̀ omi fún ẹni tó fi mọ́tò ṣe ilé ní Ìjẹ̀bú

Bí Ojúde Ọba bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí kò bá tíì sanwó òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ẹbí ni yóò sùn. Àbúrò mi ò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Bọ́ọ̀sì kan ló gbé wá láti Èkó, tó ti ní kí wọ́n yọ ìjókòó inú rẹ̀ dànù. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù onígáàsì wà, síǹkì wà, tánkì omi tó ń gba 100 lítà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mọ́tò ilé là ń pè é láàárín ara wa. Ó ní apá Òkè-Ẹ̀rì lòun máa páàkì sí, kí ariwo ìlù àti ìbọn má báa jí òun.

Ara ọmọrí tánkì yẹn ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Wọ́n kọ “potable water only” sí i gàdàgbà. Mo kọ́kọ́ rò pé ó kan ìkòkò, nítorí “pot” tó ṣíwájú rẹ̀. Kò kan ìkòkò rárá. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti yọ ọ́, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “mu”. Omi potable ni omi tó ṣeé mu: kò ní dá ẹni tó mu ún dùbúlẹ̀ lónìí, bó bá sì ń mu ún fún ogún ọdún, kò ní bá nǹkan jẹ́ lára rẹ̀.

Ibi tó ti ń ṣòro ni pé àwa sábà máa ń fi omi tó tòrò pe omi tó ṣeé mu. Ojú lèèyàn fi ń mọ omi tó tòrò. Ojú ò ká èkejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí wọ́n bá bu 100 mílílítà nínú omi mímu, tí kò pọ̀ ju ìdajì kọ́ọ̀pù lọ, wọn ò gbọ́dọ̀ rí ẹyọ kòkòrò E. coli kan níbẹ̀. Inú ìfun èèyàn àti ẹran ni kòkòrò yẹn ń gbé. Bí wọ́n bá bá a nínú omi, ìgbẹ́ ti débẹ̀ nìyẹn, ọ̀nà tí ìgbẹ́ sì gbà wọlé ni taifọ́ọ̀dù àti onígbáméjì lè gbà wọlé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àbúrò mi gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí kàǹga kan lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà kan. Omi náà mọ́ gaara, ó tutù nini. Ó fi rẹ gàrí, ó fi ẹ̀pà sí i, ó ń yin omi ilẹ̀ baba wa. Èmi ò yìn ín. Mo ti rí ṣáláńgá lẹ́yìn kàǹga, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síra wọn, bẹ́ẹ̀ ó kéré tán, 30 mítà ló yẹ kó wà láàárín wọn.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi yìí lẹ̀yin náà ń mu?”

“Mu kẹ̀? Aṣọ ni mo fi ń fọ̀ o, ọmọ mi. Píọ̀ wọ́tà ni mò ń mu.”

Àbúrò mi gbé abọ́ sílẹ̀. “Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

“Ẹ ò bi mí.”

Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè gbé wá sídìí kàǹga tó yára ju ìbéèrè yẹn lọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ahọ́n. Gàrí Ìjẹ̀bú kan ju omi lọ, adùn tàbí ìkorò yòówù tó bá wà nínú omi, ó máa bò ó mọ́lẹ̀.

Omi ò wọ́n lọ́dọ̀ wa, irú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ní Ògèrè, níbi tí àwọn tírélà ń sùn sí lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ lè bá mẹ́ruwà, ẹni tó ń ta omi kiri, pàdé. Ẹ bi í níbi tó ti pọn ọ́n, kẹ́ ẹ sì wo inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Bóòhóòlù tó jìn dáa ju kàǹga lọ, àmọ́ bí omi bá mọ́ nísàlẹ̀, tó wá lọ jókòó sínú tánkì orí òpó tí wọn ò fọ̀ láti ọdún kẹta, kí la ṣe? Ní Ṣágámù, òkúta ẹfun pọ̀ nílẹ̀ débi pé wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ńtì. Omi tó bá gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá, ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀, ìdí kẹ́tù á sì funfun. Kò léwu fún mímu, ẹ̀rọ tó ń gbóná omi nínú mọ́tò ló máa jẹ níyà. Ní Waterside, lápá ọ̀sà, iyọ̀ lè wà nínú omi.

Odò ni mo bẹ̀rù jù. Odò Ọ̀ṣun gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá kó tó wọ ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́, lókè lọ́hùn-ún sì ni àwọn tó ń wa góòlù ti sọ ọ́ di pípọ́n láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Sísè ń pa kòkòrò. Kì í yọ irin tàbí iyọ̀ tó ti yòrò sínú omi, ṣe ló ń jẹ́ kó ki sí i.

Fún omi tí kòkòrò nìkan jẹ́ ìṣòro rẹ̀, ẹ jẹ́ kó hó yaa fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kó tó kúrò lórí iná. Bí gáàsì bá ti tán, bílíìṣì ìfọṣọ lè ṣe é, èyí tí kò ní lọ́fínńdà. Bí wọ́n bá kọ 5% sí 6% sára ike rẹ̀, ẹ̀kán 2 ló tó fún lítà omi kan. Ẹ rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú. Bí omi bá rú, ẹ kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù sí i kó tòrò, kẹ́ ẹ rọra da ojú rẹ̀ sínú nǹkan mìíràn, nítorí ìdọ̀tí ń jẹ agbára bílíìṣì. Álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í pa kòkòrò àrùn, ẹ̀tàn rẹ̀ nìyẹn.

Aṣọ ńkọ́? Aṣọ ni wọ́n fi ń sẹ́ omi nígbà tí sòbìà ń da ọ̀pọ̀ abúlé láàmú, ó sì ṣiṣẹ́, torí pé kòkòrò inú omi tó ń gbé ọmọ sòbìà kiri kì í lè gba ihò aṣọ kọjá. Ọdún 2008 ni wọ́n rí sòbìà gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán. Kòkòrò taifọ́ọ̀dù kéré jù ú lọ fíìfíì. Ó máa gba inú aṣọ kọjá bí ẹni ń rìn gba ẹnu géètì.

Ó ku tánkì. 100 lítà jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rin, ó sì wúwo tó 100 kílò, ìdajì rẹ̀ náà tó fún ọjọ́ méjì. Họ́òsì tó ń fa omi wọlé ò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń ṣan ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ yọ omi mímu kúrò nínú ọ̀rọ̀ tánkì pátápátá. Àpò píọ̀ wọ́tà kan ní ogún ọ̀rá, 50 sẹ̀ǹtílítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà 10. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé.

Ohun tí àbúrò mi padà ṣe nìyẹn. Omi kàǹga ìyá ló fi ń wẹ̀ títí ayẹyẹ fi parí. Ní ti gàrí ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyàwó òun.