Ayédèrú ìròyìn: ta ló yẹ kí òfin mú?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó, fóònù ń dún kiri lóru: ẹ dìde, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola ò ní ràn yín. Irọ́ gbáà! Àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé èèyàn méjì kú nídìí omi iyọ̀ yìí.

Ayédèrú ìròyìn nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni méjì ló máa ń wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó jókòó hun irọ́ náà, tó mọ̀ pé irọ́ ni, ìkà ni. Ìyá tó jí àwọn ọmọ rẹ̀, tó ya ọ̀rá iyọ̀ dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó tún pe àbúrò rẹ̀ n'Íbàdàn kó má baà gbẹ́yìn, ìfẹ́ ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ló ti ẹnu àwọn méjèèjì jáde.

Abala 24 òfin Cybercrimes ti ọdún 2015, ìyẹn òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, ní kí ẹni tí wọn yóò mú ti mọ̀ pé irọ́ lòun ń fi ránṣẹ́. Ìyẹn dára. Àmọ́ ó tún ní bí irọ́ náà bá wà fún àtimú ẹlòmíràn bínú tàbí àtibú u, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́ta, owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù méje náírà. Inú ta ni kì í bí? Bi gómìnà léèrè owó títì, kó o wo ojú ẹ̀. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ kí Nàìjíríà tún abala náà ṣe. Ní 2024, Nàìjíríà yọ ìbínú àti èébú kúrò nínú òfin náà, ó fi ewu ẹ̀mí àti rògbòdìyàn ìlú rọ́pò. Ewu ẹ̀mí yé mi. Rògbòdìyàn ìlú ṣì ń kọ mí lóminú, torí ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ náà, àwọn kan á pè é bẹ́ẹ̀.

Ti pé kí ìjọba ti ìkànnì pa, a ti rí i. Láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022 ni wọ́n fi ti Twitter pa, lẹ́yìn tó yọ ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari kúrò. Irọ́ omi iyọ̀ kò sì nílò Twitter. Ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó fún un láti tàn ká.

Nítorí náà, mo fẹ́ òfin, àmọ́ kó mú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ hun irọ́ tó lè pa èèyàn. Kó sì jẹ́ adájọ́ ni yóò sọ pé irọ́ ni, kì í ṣe mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.