Dingyou: Òfin Ọ̀fọ̀ fún Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Ṣáínà Àtijọ́

Dingyou ni wọ́n ń pe òfin tó sọ ọ́ di dandan fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ṣáínà láyé àwọn ọba pé, bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá kú, kí ó fi ipò sílẹ̀, kí ó padà sílé, kí ó sì ṣọ̀fọ̀ fún oṣù 27. Ipò náà kì í dúró dè é. Wọn á yan ẹlòmíràn sí i, nígbà tí ọ̀fọ̀ bá sì parí, onítọ̀hún á tún lọ dúró de iṣẹ́ tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan òṣìṣẹ́ ní olú-ìlú. Ẹni tó bá fi ikú òbí pamọ́ kí ipò má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Inú ẹ̀kọ́ Confucius, olùkọ́ ará Ṣáínà tó kú ní ọdún 479 ṣáájú ìbí Jésù, ni òfin yìí ti gba agbára. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, Zai Wo, sọ fún un pé ọ̀fọ̀ ọdún kan ti tó. Confucius bi í bóyá ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti máa jẹ ìrẹsì, kí ó sì máa wọ aṣọ àrán lẹ́yìn ọdún kan péré. Zai Wo ní á balẹ̀. Nígbà tó jáde tán ni olùkọ́ náà sọ pé ọmọ kì í kúrò lápá òbí títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta yìí ni òfin ṣírò sí oṣù 27, nítorí pé bí wọ́n bá ti wọ inú ọdún kẹta, wọ́n kà á sí odindi. Àǹfààní ìjọba náà wà níbẹ̀: ọmọ ẹ̀yìn mìíràn, Youzi, ti kọ́ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó ń bọlá fún òbí máa tàpá sí aláṣẹ.

Ọba nìkan ló lè yọ ènìyàn kúrò nínú òfin yìí, ìyẹn sì kì í lọ láìsí ariwo. Ní ọdún 1577, bàbá Zhang Juzheng kú, Zhang yìí sì ni ẹni tó di gbogbo ìjọba mú nítorí pé Ọba Wanli ṣì kéré. Ọba ní kó má lọ ṣọ̀fọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ márùn-ún kọ̀wé tako ìpinnu náà, wọ́n sì nà wọ́n ní pàṣán ní ààfin. Ẹran ara Zhao Yongxian, ọ̀kan nínú wọn, já bọ́ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ìyàwó rẹ̀ sá ẹran náà gbẹ, ó sì fi í pamọ́. Lójú tèmi, àwọn márùn-ún náà rí ohun kan kedere: òfin ọ̀fọ̀ wà lára ìwọ̀nba ohun tó lè yọ alágbára kúrò lórí àga láìsí ogun.

Ní ọdún 1852, ìyá Zeng Guofan, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, kú, ó sì padà sílé ní Hunan. Ibẹ̀ ni àṣẹ ọba ti bá a pé kí ó kó ọmọ ogun jọ láti kojú àwọn ọlọ̀tẹ̀ Taiping. Ó gbà, tìyàtìyà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ náà kú ní 1857, tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó fi ibùdó ogun sílẹ̀ ó gba ilé lọ, àfi ìgbà tí wọ́n tún pè é padà ní 1858.